Màmá Wọ Sùtánà Funfun De Bàálù Rẹ

Abà Olórí-Ọdẹ,
Lọ́nà Àkànràn,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2025.

Ṣìkẹ́mi mi, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọyẹ́ Àbújá kò tíì bó ọ létè? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn ọ̀gá tí ẹ jọ ń jókòó níwájú bàálù? Mo gbọ́ lẹ́nu Wándé àbúrò rẹ pé o ti kó lọ sí ilé tuntun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé náà tù ọ́ lára. Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Bàbá Rùqáyyàh ní kí n bá àwọn kí ọ. Rùqáyyàh fúnra rẹ̀ ti ga jù mí lọ, kò sì yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni àbúrò òun. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì. Ọyẹ́ ọdún yìí le gan-an, gbogbo ẹsẹ̀ wa ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eérú.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Mùjíbátù fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti mọ̀ ọ́ lórí fóònù. N kò ní tíì sọ gbólóhùn kan tán tí wàá ti ní, "Mo ń bọ̀, Mùjí, mo ń bọ̀," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. O ò lè já lu ọ̀rọ̀ inú ìwé. Wándé ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

Mo fẹ́ ròyìn ọjọ́ tí bàálù rẹ wá sí Ìbàdàn fún ọ, bó ṣe rí fún àwa tí a wà nílẹ̀. O ti sọ tìrẹ fún Wándé: ojú kò ríran, ẹ yà lọ sí Èkó, ó tán. Tiwa kò tán bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi ọ́ sínú àwọn tí yóò wa bàálù láti Àbújá wá sí Ìbàdàn, mo kígbe tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé fi sá wọlé tọ̀bẹ tọ̀bẹ, wọ́n rò pé ejò ni. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé fóònù náà lọ sí Akínyẹlé kí Màmá tó bí ọ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Níbi tí o ti sọ pé bí bàálù bá ti ń sọ̀kalẹ̀, èèyàn a máa rí màlúù lórí pápá, a sì máa rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kí n dá a padà sí. Wọ́n wá bi mí pé, "Mùjí, ṣé aṣọ funfun ló máa ń yára hàn jù?" Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dára.

Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ níbí, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún Wándé pé kó má sọ fún ọ. Ojú Màmá ń lọ. Dókítà ní omi inú ẹyinjú wọn ló ń tì í láti inú, pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, oògùn tí a ń kán sí i kàn ń dá èyí tó kù dúró ni. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Bí wọ́n bá ń wò ọ́ báyìí, ó dà bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Àwo oúnjẹ tí a bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a. Wọn kò sunkún nítorí ẹ̀, o mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé àwọn fẹ́ rí bàálù ọmọ àwọn kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Mo mọ ohun tó lé ọ kúrò nílé. Mo wà nínú pálọ̀ yín lọ́jọ́ náà, mo jókòó tì ọ́ lórí ẹní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú, àwọn ará ìjọ yín wá bá yín dúpẹ́. Àgbà ìjọ kan wá dìde, ó ní obìnrin wo ló ń fò bí kò ṣe ẹyẹ òru. Gbogbo ilé wo Màmá. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kò dùn ọ́ tó ìdákẹ́jẹ́ Màmá, mo mọ̀. Lójú gbogbo wa lo ti búra pé ọjọ́ tí o bá tún máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wa bàálù wá, lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo ayé rí i pé kì í ṣe òru lo fi ń fò. Láti ọjọ́ yẹn, Àjíǹde ń wá, Kérésì ń wá, Iléyá tiwa náà ń wá, a ò rí ọ. Mo bínú sí bàbá yẹn fún ọ. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, mo bínú sí ìwọ náà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a máa dúró sí ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Wándé ní Ẹ̀gbẹ́dá ni, pé nígbà òjò, bàálù tó bá fẹ́ balẹ̀ sí pápá Alákìá a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ ha òrùlé wọn. Mo ní rárá, abà tiwa níbí ni. Ó ní ìgbà wo ni mo di páílọ́ọ̀tì. Mo ní ìhà òkun ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá, òkè Ọya ni ti ọyẹ́ ti ń wá, bàálù sì máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ ni kó tó balẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà, ọ̀nà tó ń gbà wọlé náà á yí padà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, ló bá rí i pé ńṣe ni àwọn bàálù ń gbéra gba orí ibẹ̀ lọ, wọn kò gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tó padà dé, ó béèrè oúnjẹ, kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ta ló kọ́ mi bí kò ṣe ìwọ? Ṣé o rántí ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé wa, tí a ń ju àwo irin? Gbogbo ọmọ ń dúró kí afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó jù ú, Ọ̀gá Jacob tó ń kọ́ wa sì ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́. Ìwọ gbé àwo dání, o ò jù ú. Àwọn èèyàn ń hó lé ọ lórí, o ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àfìgbà tí afẹ́fẹ́ yí padà tó ń fẹ́ eruku sí ọ lójú. Lo bá jù ú. Àwo náà kò yára wálẹ̀ rárá, ó rọra ń lọ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ gbé e lábẹ́, ó kọjá àsíá tó sàmì sí ibi tó jìnnà jù. Nígbà tí a ń lọ sílé, o ní afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kàn ń ti àwo lọ ni, ṣùgbọ́n ti iwájú ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń gbé e dúró. Mo ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwọ lo gba ife-ẹ̀yẹ, kí o jẹ́ kí n bá ọ gbé e.

Mo tún máa ń rántí ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Ṣáṣá. Màmá á jókòó ti dírẹ́bà, àwa méjèèjì á fún ara wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a ó na ọwọ́ síta. Bí a bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gbalaja, afẹ́fẹ́ á kàn kọjá lọ. Bí a bá gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ọwọ́ á máa gòkè fúnra rẹ̀, ẹ̀rín á pa wá. Bí a bá gbé e sókè jù, afẹ́fẹ́ á gbá a dànù sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá sì dúró, ọwọ́ á kú sílẹ̀ ni. O ní gbogbo bàálù kò ju ìyẹn lọ, pé irin àti àga ni ìyókù. Màmá á na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á gbá wa létí pé ṣé a fẹ́ kí mọ́tò mìíràn gé wa lọ́wọ́ ni. Mo ṣì máa ń ṣe é, Ṣìkẹ́mi. Bí mo bá wọ mọ́tò tí n kò rí ẹni tó mọ̀ mí nínú rẹ̀, màá na ọwọ́ síta, màá sì máa rò ó bóyá ìwọ náà ń rántí.

Lọ́jọ́ tí bàálù rẹ ń bọ̀, ọyẹ́ bo ohun gbogbo. Láti ẹnu ọ̀nà mi, n kò rí igi máńgòrò tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí. Màmá àti àwọn ìyá ìjọ wọn dé nínú bọ́ọ̀sì tí Wándé háyà, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń gbọ̀n fún òtútù. Àwọn tó wà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ òru wà nínú wọn. Màmá ló lọ bẹ̀ wọ́n lójúlé lójúlé. Àgbà ìjọ tó sọ̀rọ̀ yẹn ti kú, Ọlọ́run dárí jì í, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá. Orí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la dúró sí. Bàbá Rùqáyyàh wọ jalàmíà funfun tí wọ́n fi ń lọ kírun Yídì, èmi náà fi ìborùn funfun borí. Màmá to gbogbo wa sẹ́yìn, àwọn nìkan wá bọ́ síwájú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní, "Rárá o. Bí gbogbo wa bá ṣù jọ, báwo ló ṣe máa mọ èwo ni ìyá rẹ̀?"

A gbọ́ ọ kí a tó mọ̀ pé à ń gbọ́ ọ. Ohùn bàálù náà rọ̀, ó ń sún mọ́ wa, irú ohùn tó máa ń ní tó bá fẹ́ balẹ̀. Gbogbo wa gbé ojú sókè, eruku nìkan la rí. Lójijì, ohùn náà le, ó gbóná, ó sì gòkè lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí ilẹ̀ ni, pé ẹ tún fẹ́ yípo wá. N kò sọ ọ́ síta. Màmá ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. Wọ́n yíjú sí wa, wọ́n pàṣẹ pé, "Ẹ dáná! Ẹ fi ewé tútù sí i! Ọmọ yẹn kò ríran!"

O mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Akínyẹlé nígbà ọyẹ́ bí ẹnì kan bá ṣìnà lóko: àwọn tó wà nílé á da ewé tútù sínú iná, kí ẹni náà lè tẹ̀lé òórùn èéfín wálé. Mo mọ̀ dáadáa pé ńṣe ni èéfín máa bá ọyẹ́ kún un, pé ẹni tó wà nínú bàálù kò lè gbóòórùn kankan. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún Màmá lákòókò yẹn? Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sáré gbé pòròpórò àgbàdo wá. Bàbá Rùqáyyàh ṣá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, èéfín ti bo pápá, àwọn ìyá ìjọ ń wúkọ́, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n tún ń wúkọ́.

Ìgbà kejì tí ẹ dé, orí wa gan-an lẹ wà. Ilẹ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ mi. Màmá na apá méjèèjì sókè, wọ́n sì pe orúkọ rẹ ní kíkún, "Olúwaṣìkẹ́mi!" bí wọ́n ṣe máa ń pè ọ́ láti odò. N kò gbọ́ kí wọ́n pariwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn bàálù náà tún gòkè, ó yí sí ọ̀nà Èkó, ó ń tín-ín-rín, ó ń tín-ín-rín, títí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ bàálù mọ́ àti èyí tó jẹ́ etí wa.

Màmá bi mí pé, "Ṣé ó ti balẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Ó ti padà."

Wọ́n ní, "Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé?"

Gbogbo aṣọ funfun ti di aláwọ̀ eérú, àwọn ìyá ìjọ wá ń wo ara wọn, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu wọn, èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó di ọ̀sán tí ojú ọ̀run là díẹ̀, àwòdì kan wá ń yípo lókè iná wa. O rántí bí a ṣe máa ń wò wọ́n lóko bàbá rẹ, tí o ní ooru tó ń gòkè ló ń gbé wọn, tí mo ní mo fẹ́ irú iṣẹ́ tí kì í rẹni bẹ́ẹ̀. Àwòdì náà kò ju apá rárá. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí, àárò rẹ sọ mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ tí o rán dé sórí fóònù Wándé, mo ṣàlàyé fún Màmá pé ohun tó tọ́ lo ṣe, pé òfin ni, bí awakọ̀ bá bọ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan tí kò sì tíì rí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ ò kàn dúró lókè títí ọyẹ́ á fi kọjá. Mo rán wọn létí ọwọ́ wa lẹ́yìn fèrèsé ọkọ̀ Ṣáṣá. Mo ní eré tí bàálù ń sá ló ń mú kí afẹ́fẹ́ gbé apá rẹ̀. Tó bá ní òun fẹ́ dúró lójú kan, jíjá ló máa já bọ́. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ọmọ mi kò ṣe lè dúró."

Mo mọ̀ pé wàá ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, pé ọyẹ́ á lọ, pé wọ́n á tún fi orúkọ rẹ sí bàálù Ìbàdàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Màmá fọ sùtánà yẹn, àwọ̀ èéfín kò kúrò lára rẹ̀. Wọ́n sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé, láti ọjọ́ náà wọn kò ká a. Mo ní kí n bá wọn ká a, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, bóyá o máa gba ibẹ̀ kọjá. Akínyẹlé kò sí lójú ọ̀nà bàálù kankan tí mo mọ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kí Dorothy tí ẹ jọ ń gbé, sọ fún un pé ẹ̀gúsí tó béèrè wà nínú àpò Wándé, tìrẹ náà wà níbẹ̀, kí ẹ má jà. Ìyá Zubaidah tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ṣáṣá ń kí ọ, wọ́n ní ọmọ àwọn ti tó ẹni tó ń lọ́kọ, kí o wá jẹ ìrẹsì. Gbogbo ìyá ìjọ ní kí n sọ pé àwọn ń kí awakọ̀ àwọn. Ìyàwó àgbà ìjọ yẹn ní kí n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́: awakọ̀ àwọn.

Ní tèmi, mi ò bìkítà bóyá bàálù lo fi wá tàbí ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ohùn rẹ ti sú mi lórí fóònù. Ìwọ ni mo fẹ́.

Iṣẹ́ tí Màmá rán mi ni mo fi sí ìparí, kó lè jẹ́ òun ni yóò kù sí ọ létí. Wọ́n ní kí o má gbé bàálù wá mọ́. Wọ́n ní kí o wọ mọ́tò bí ọmọ gbogbo èèyàn, kí o sọ̀kalẹ̀ ní Ṣáṣá, kí o gun ọ̀kadà wálé. Wọ́n ní ojú tó kù fún àwọn kò ká òkè mọ́, pé ibi tó mọ báyìí ni ojú ẹni tó bá jókòó ti àwọn, tó fi ojú rẹ̀ sún mọ́ tàwọn dáadáa. Wọ́n ní ìyẹn ṣì wà. Wọ́n ní kí o má jẹ́ kí ó lọ.

Èmi tó ń wọ̀nà fún ọ,

Mùjíbátù.